Wáyà Méjì Tí O Ní Kí N Bá Ọ So

Èjìgbò,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Sìdíkátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń di wáyà mú,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ. Ara wa le, a dúpẹ́. Orúnkún mi tó ń dùn mí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san tán, ṣùgbọ́n má sọ fún ìyá rẹ, nítorí mo ṣì ń gbádùn bó ṣe ń fi òróró pa á fún mi.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ sí ọ. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn méjì, wàá ní, "Bàbá, mo ń bọ̀, wọ́n ń pè mí." Èmi náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tó gùn sínú fóònù láìpariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Ìwé kì í sọ pé òun ń bọ̀. Jókòó, kà á tán kí o tó dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè ni. O wá kí wa, a jẹun tán, o gbé fóònù rẹ síwájú mi, o fi àwòrán bátìrì ọkọ̀ oníná hàn mí. O ní, "Bàbá, wáyà méjì péré ni. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé bátìrì ti gbóná. Tẹ́ ẹ bá so rẹsítọ̀ kékeré kan mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà á rò pé ó tutù, iná á máa wọlé wọ̀ọ̀. Ọkọ̀ mẹ́fà péré. Àwọn dẹ́rẹ́bà láwọn mọ ẹni tó lè ṣe é, àmọ́ ọwọ́ yín ló dá mi lójú." Mo ní kí o jẹ́ kí n ronú sí i. Ìyá rẹ dìde, ó kó abọ́, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì padà wọlé títí o fi lọ. O rò pé abọ́ ló ń fọ̀. Lánàá, o tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Bàbá, ṣé ẹ ti ronú sí i?" Mo ti ronú sí i. Láti Sọ́ńdè, mi ò ronú nǹkan mìíràn.

Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi ọ́ ṣe olórí ọgbà tí àwọn takisí oníná ti ń gba iná ní Industrial Estate ní Ìsọlọ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo sọ ọ́ fún obìnrin kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀, tí n kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oòrùn ti mú, ọkọ̀ tó yẹ kó lo wákàtí kan ń lo méjì, ìlà ń gùn dé géètì, àwọn dẹ́rẹ́bà ń bú ọ. Ọ̀gá rẹ sì ti ní bí ìlà náà kò bá kúrú kí oṣù yìí tó parí, òun á fi ẹlòmíì sípò rẹ. Iṣẹ́ tí o ti wá láti ìgbà tí o ti jáde ní pólì ni. Mi ò fojú kékeré wò ó rárá.

Nítorí náà, mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ lẹ́sẹẹsẹ. Ó lè má tò dáadáa. Rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ni mí, n kì í ṣe akọ̀wé.

Èkíní. Mọ ìdí tí nǹkan fi ń lọ́ra kí o tó bínú sí i.

O rántí ọjọ́ tí mo wá sí ọgbà yín, tí o gbé àga fún mi lábẹ́ igi fúrúùtù. O rò pé mo ń tòògbé. Mi ò tòògbé o, ọkọ̀ méjì ni mo ń ṣọ́. Ti àkọ́kọ́ ti ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú dé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ó gba Òṣòdì kọjá nínú oòrùn tó lè yan ẹ̀pà, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò tíì pa ilẹ̀kùn dé tó ti ki ẹnu wáyà bọ̀ ọ́. Iná wọlé dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ tó ń sọ bí iná ṣe ń wọlé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó wálẹ̀ títí kò fi tó ìdajì mọ́. Dẹ́rẹ́bà náà figbe ta: "Àǹtí, ẹ ti tún fa iná wa sẹ́yìn! Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún! Abeg, no dey do us like this!" Mo rí bí o ṣe wo ilẹ̀.

Ìkejì dé lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Àgbàlagbà ni dẹ́rẹ́bà tirẹ̀, Alùfáà ni wọ́n ń pè é. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí òjìji ilé ẹrù, ó kírun, ó jẹ ẹ̀bà rẹ̀, ó na ẹ̀yìn. Ó tó bíi wákàtí kan kó tó ki wáyà bọ tirẹ̀, iná sì ń wọ inú rẹ̀ lọ láìdá. Nígbà tí àwọn méjèèjì máa fi jáde, ti àkọ́kọ́ kò fi ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ṣáájú ìkejì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Alùfáà ti jẹun, ó ti kírun, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè, o ṣàlàyé fún mi bí olùkọ́, inú mi sì dùn pé owó ilé-ìwé kò ṣòfò. O ní nínú bátìrì yẹn, àwọn nǹkan tín-ín-tín kan ló máa ń kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì nígbà tó bá ń gba iná, kálukú wọn á sì wá àyè tirẹ̀ jókòó sí, bí èrò tó ń wọ mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí a bá ń fún un níná kíákíá, ìrìn wọn á mú ooru wá. Ooru ìrìnàjò tí ọkọ̀ ti rìn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ooru títì wà níbẹ̀, ti iná tuntun á tún gorí wọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ jù, omi kẹ́míkà inú bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, bátìrì á gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Bó bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè gbiná, iná rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí garawa omi kan lè pa. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń dín iná kù. Ó ń dúró kí ooru rí àyè jáde ni.

O tún sọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. O ní níbi tí omi ti ń dì, òtútù náà máa ń jẹ́ kó lọ́ra. Àwọn nǹkan tín-ín-tín yẹn á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọn kò ní tètè ráyè wọlé. Bí a bá fi tipátipá fún un níná, wọ́n á kó jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á di irin síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé. Ọkọ̀ ìlú ibẹ̀ á kọ́kọ́ mú kí bátìrì rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó gba iná gidi. Gbígbóná jù kò dára fún un, títutù jù kò dára fún un.

Ìwọ lo kọ́ mi ní gbogbo èyí, Àṣàkẹ́. Ìwọ kan náà lo tún wá ní kí n pa ẹnu ohun tó ń sọ òtítọ́ nínú ọkọ̀ dé. Bó bá jẹ́ pé o kò mọ̀ ni, ǹ bá kàn rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí nítorí pé o mọ̀.

Èkejì. Ohun tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ bá fi síbẹ̀, má yára yọ ọ́.

Nígbà tí mo gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ṣe rìwáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rélùwéè ní Òṣòdì, gbogbo wa la mọ oògùn ọkọ̀ tó bá ń gbóná. Mẹkáníìkì á yọ tẹ́mòsítáàtì rẹ̀ dànù, èmi á so fáànù rẹ̀ ní dàrẹ́ẹ̀tì kó máa yí láti àárọ̀ dalẹ́. Oníbàárà á dúpẹ́. A ní àwọn òyìnbó tó ń gbé nínú òtútù ló nílò tẹ́mòsítáàtì, kí ni Èkó fẹ́ fi ṣe? Bí èèyàn bá bi wá pé iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ nínú wa. Ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n yọ.

Mo yọ ti ọkọ̀ mi náà, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tí ìyá rẹ ń pè ní Ọ̀pọ̀lọ́. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀pọ̀lọ́ kò gbóná mọ́, mo sì ń fi yangàn. Àmọ́ ó ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, òróró inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dúdú, kò sì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà, bàbá kan ló tú u, ará Èkìtì, tó ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé iṣẹ́-ọwọ́ rí. Ó wò ó, ó ní, "Ta ló yọ tẹ́mòsítáàtì ibí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Ó ní, "Kí ló ṣe ọ́?"

 Ó wá sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì náà ní bó ṣe yẹ kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó, pé bí kò bá dé ibẹ̀, ṣe ló máa ń jẹ ara rẹ̀. Lójú mi, ooru ni ọ̀tá, mo sì rò pé bí mo bá ti lé ọ̀tá lọ, iṣẹ́ ti parí. Mo ti yọ ti ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òṣòdì nígbà náà, gbogbo wọn ló sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń rántí ọpẹ́ yẹn, ojú sì máa ń tì mí.

Ẹ̀kẹta ni mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ Ọ̀pọ̀lọ́.

Sìdí, ohun tí a sọ fún ọ nípa ojú òsì ìyá rẹ, irọ́ ni. A sọ fún ọ pé ní ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀, pé nǹkan já lára ẹ̀rọ, ó sì ta á lójú. Kò sí ẹ̀rọ tó ta á lójú. Èmi ni mo ṣe é.

Lásìkò yẹn, mo máa ń bá èèyàn fi iná sí bátìrì ọkọ̀. Mo ní ẹ̀rọ ńlá kan fún un, irin gbàǹgbà. Nínú rẹ̀, nǹkan kan wà tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti pọ̀ jù, tí iná á sì dúró. Ọ̀gá mi máa ń pè é ní ọlọ́pàá. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ọlọ́pàá bá já, á ní ká fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ká lọ wá nǹkan jẹ. A kì í jiyàn.

Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀. Àlájì kan gbé bátìrì lọ́rì rẹ̀ wá, àgbò ló fẹ́ lọ kó ní Ṣakí, ó sì fẹ́ lọ lọ́jọ́ náà. Ó dúró lé mi lórí. Oòrùn ọ̀sán mú, ọlọ́pàá já lẹ́ẹ̀kíní, mo dúró. Ó já lẹ́ẹ̀kejì, mo dúró. Nígbà tó já lẹ́ẹ̀kẹta, Àlájì pòṣé, ó ní, "Ṣé o mọ iṣẹ́ yìí ṣe ṣá?"

Gbólóhùn yẹn ló pa mí. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ìkánjú. Mo ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà, mo gé ègé wáyà kan, mo fi fo orí ọlọ́pàá kọjá, mo sì dé e padà. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Iná ń lọ, kò já mọ́. Mo wo Àlájì bí ẹni pé mo gba ife-ẹ̀yẹ.

Ìyá rẹ kò tíì di ìyàwó mi. Ó ti parí iṣẹ́ àárọ̀ ní ilé-iṣẹ́ wọn, ó yà kí mi bó ti máa ń ṣe. Ó ní ìròyìn lẹ́nu: bàbá rẹ̀ ti gbà kí àwọn ẹbí mi wá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kí n ráyè gbọ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bátìrì náà, ó gbóná débi pé mo yára fà á kúrò. Ásíìdì ń hó nínú rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé kò dáa. Àlájì ní, "Ó ti tó, yọ ọ́ fún mi." Mi ò pa iná. Mo fa ẹnu wáyà yọ bẹ́ẹ̀, iná ta pà, afẹ́fẹ́ ásíìdì tó ti kó jọ lórí bátìrì náà gbiná. Bátìrì náà bú bí ìbọn, ásíìdì ta káàkiri.

Ásíìdì kò kàn mí lójú. Ṣé o mọ ìdí? Mo ti yí ojú sí Àlájì, kí n lè rí i bóyá ó rí bí mo ṣe mọ iṣẹ́ tó. Ìyá rẹ ló ń wo ọwọ́ mi.

Ìyá àgbà kan tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gbà á mú, ó ń da omi sí i lójú, ó ń pariwo mọ́ wa pé, "Ẹ má dáwọ́ dúró o! Ẹ máa dà á! Ẹ máa dà á!" Gbogbo omi tó fẹ́ tà lọ́jọ́ náà ló dà tán. Dókítà sọ pé bí kì í bá ṣe omi yẹn ni, ojú méjèèjì ni ì bá lọ. Ọ̀tún là. Òsì ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan títí di òní. Nígbà tí o bá rí i tó ń yí gbogbo orí kó tó rí ọ, tí ẹ̀yin ọmọ fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́ nígbà tí ẹ wà ní kékeré, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yín lẹ ń wò.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá irọ́ náà sílẹ̀. Ó ní bí bàbá òun bá gbọ́ pé èmi ni, kò ní fi òun fún mi mọ́. Orí irọ́ yẹn ni mo gbé ìyàwó sí. Lẹ́yìn náà, a sọ ọ́ fún yín, ẹnu wa sì ti mọ́ ọn lára. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló bá a, lórí tábìlì wa. Ìyá rẹ gbọ́ ohùn mi lẹ́nu rẹ. Nígbà tí o lọ tán, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Kò fọ abọ́ kankan, orí àpótí ló jókòó sí. Ó ní, "Bàbá Sìdí, ẹ sọ fún ọmọ yẹn. Ẹnu yín ló yẹ kó ti gbọ́ ọ." Jọ̀ọ́, má bínú sí i. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí.

Mo mọ̀ pé bátìrì tèmi kọ́ ni tiyín. Tèmi ní ásíìdì, ẹnu rẹ̀ sì ṣí. Tiyín dì pa, wọ́n sì fi ọgbọ́n tó ju tèmi lọ ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwà tí o ní kí n hù sí i kò yàtọ̀ sí èyí tí mo hù. Ibo sì ni bátìrì tiyín wà? Abẹ́ ìjókòó ni. Alùfáà tó na ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, orí rẹ̀ ló ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, òun àti ìyálọ́mọ tó gbé láti ilé-ìwòsàn, òun àti ẹni tó ń sáré lọ bá ọkọ̀ òfurufú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá wa fọwọ́ sí i.

Ní báyìí, jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣeé ṣe. Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́.

Mo rí i tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń da píọ̀ wọ́tà sí abẹ́ ọkọ̀, tí ọ̀kan tún ń fi àpò tútù bo iwájú rẹ̀ níbi tí wáyà ti ń wọlé. Dá wọn dúró lónìí, má dúró dọ̀la. Bátìrì kò sí níbi tí wọ́n ń da omi sí, omi àti ẹnu wáyà kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Èmi náà ti fi àpò tútù bo bátìrì rí, torí náà, má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Òjìji ọgbà yín kò tó, ti ilé ẹrù kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ. Igi kan ṣoṣo, àga tí o gbé fún mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní páìpù irin nílé, tapólì ńlá kan sì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, èmi á wá lọ́jọ́ Sátidé, màá ri páìpù náà mọ́lẹ̀, màá ta tapólì náà sórí. Ọwọ́ mi tó o ní ó dá ọ lójú, iṣẹ́ tó lè bá ọ ṣe nìyẹn.

Tún ìlà náà tò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé, kó lọ sínmi sí òjìji. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti tutù, kó bọ́ síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ló dé. Ẹni tó bá lè wá ní ìdájí kí oòrùn tó yọ, bẹ̀ ẹ́ kó máa wá. Ìwọ náà sọ fún mi pé bí bátìrì bá ti kún dé ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù á máa fà díẹ̀díẹ̀, ooru ò báà sí. Kí ló dé tí ẹnì kan á wá jókòó ti ogún tó kù bí ẹni tó ń dúró de ìsàlẹ̀ ìkòkò? Kó kúrò fún ẹni tó kàn.

Má ṣe èyí ní ìdákẹ́jẹ́. Àwọn èèyàn yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tí wọn kò rí ni wọ́n ń fura sí. Wá pátákó, fi ẹfun kọ bí bátìrì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná tó nígbà tó wọlé àti iye ìṣẹ́jú tó lò, kí gbogbo ojú máa rí i. Bẹ Alùfáà kó bá ọ sọ fún wọn, nítorí ẹnu rẹ̀ ní àṣẹ láàárín wọn ju tìrẹ lọ. Ẹni tó pariwo mọ́ ọ lọ́jọ́ náà, kí i kó tó kí ọ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ní ti ọ̀gá rẹ, kọ ìwé sí i. Fi ohun tó wà lára pátákó fún ọ̀sẹ̀ kan sínú rẹ̀, kó rí i pé ìlà lè kúrú láìpurọ́ fún ọkọ̀. Bó bá ní iyẹn kò kan òun, pé kí ẹ kúkú so wáyà náà, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Wàá rí i pé bírò á wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá sì ṣe pé wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn gbogbo èyí, wá sílé. Ojú máa tì ọ́ fún ìgbà díẹ̀, á sì dùn ọ́, mi ò ní sọ fún ọ pé kò ní dùn ọ́. Èèyàn kan á bi ọ́ lọ́jọ́ kan bóyá o tilẹ̀ mọ iṣẹ́ náà ṣe. Jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mo sì ń sọ ọ́ fún èèyàn kó tó di pé mo mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ìyá rẹ ti ka ìwé yìí. Ó fi ojú ọ̀tún rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n má yọ ohunkóhun, títí kan ọ̀rọ̀ orúnkún mi, àfi pé òun kò rẹ́rìn-ín tó bí mo ṣe kọ ọ́. Èmi ṣáà ni mo rí i.

O bi mí ní ìbéèrè kan, o sì ti dúró fún èsì rẹ̀ láti Sọ́ńdè. Àlájì náà bi mí ní irú rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹnu mi kò gbà á láti sọ ohun tó yẹ fún ẹni tí n kò tíì rí rí ṣáájú ọjọ́ náà, tí n kò sì tún rí mọ́. Ìwọ tí mo fẹ́ràn ju gbogbo oníbàárà ayé mi lọ ni mo wá ń sọ ọ́ fún.

Rárá, ọmọ mi.

Bàbá rẹ.